Ìbọn Tó Kọlà Nínú

Williamsport, Pennsylvania,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ 18, oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé koríko ti gbẹ ní Ìgbòho báyìí, àwọn ọdẹ yóò sì ti máa sọ̀rọ̀ igbó sísun. Ṣé ara Ìyá ti le? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Àlàáfíà ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà. Òtútù nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn. Yìnyín ti bo ilẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ béèrè nínú ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ pé ṣé lóòótọ́ ni òyìnbó ń ṣọdẹ, àbí wọ́n kàn fi ń ṣeré. N kò fẹ́ dáhùn lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn. Bàbá, ọdẹ ń bẹ níbí.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé ní ìkángun àdúgbò wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n nígbà tí bàbá wọn kọ́kọ́ mú wọn wọ igbó, wọn kò sì tíì pa ọdún kan jẹ láti ìgbà náà. Ahéré ọdẹ wọn wà ní Potter County, ní apá òkè ìpínlẹ̀ yìí, níbi tí igi ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ ọdẹ ni mí, wọ́n dì mọ́ mi bí ẹni rí ìbátan. Wọ́n ṣí àpótí irin tí wọ́n ń kó ìbọn sí fún mi; àpótí náà ga jù mí lọ. Èmi tí mo dàgbà nínú ilé tí ìbọn kan ṣoṣo ń gbé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ wò.

Winchester 94 ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. John Browning ló ṣe é, ọdún 1894 ló jáde, kátíríìjì .30-30 ló ń jẹ. Ó fúyẹ́, kò gùn, ẹ lè gbé e gba inú igbó dídí kọjá láìkọ́ igi. Irin kan tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí etí kọ́ọ̀bù: ẹ tì í sísàlẹ̀, òfìfo kátíríìjì a ta jáde, ẹ dá a padà, tuntun a wọlé. Àwọn kátíríìjì náà tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀pá kan, imú ọ̀kan ń kan ìdí èkejì. Bàbá òyìnbó ní kí n fọwọ́ kan orí ọta náà. Pẹrẹsẹ ni. Wọ́n ní bí orí rẹ̀ bá mú ṣóńṣó, tí ìbọn bá ta ènìyàn léjìká, ṣóńṣó náà lè gún ìdí èyí tó wà níwájú rẹ̀, kí iná sì sọ nínú ọ̀pá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó ń rọ ìbọn ní láti ronú nípa ọmọ ẹlòmíràn tí yóò gbé e.

Wọ́n tún kọ́ mi ní ìtumọ̀ nọ́ńbà. 30 àkọ́kọ́ jẹ́ ìbú ẹnu ìbọn, 30 kejì jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n ń rọ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ka .30-06 o: ọdún 1906 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á ni 06 tirẹ̀. Òun ni Remington 760 wọn ń jẹ. Igi abẹ́ ìbọn yẹn ni ọdẹ máa ń fà sẹ́yìn, tì síwájú, kó tó lè tún un yìn. Ó gbilẹ̀ gan-an ní ìpínlẹ̀ yìí, nítorí òfin ibí kò fẹ́ ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ fún àgbọ̀nrín. Winchester 70 wọn, tó ń jẹ .270, ní awò lórí tó ń fa ẹran jìnnàjìnnà wá sójú. Jack O'Connor, tó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn Outdoor Life, ló polówó .270 títí gbogbo ọdẹ fi mọ̀ ọ́n. Ìbọn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò fà sí i. Ẹran tí n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣe mí bí ẹni pé n kò bá a pàdé.

Ìbọn ìléwọ́ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ruger .22 kan wà fún ọ̀kẹ́rẹ́. Smith & Wesson .44 Magnum kan náà wà, irú èyí tí Elmer Keith, ọdẹ Idaho, ń rọ ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó ṣe é ní 1955. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ ro mí títí di alẹ́.

Òfin wọn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iná pa àgbọ̀nrín lóru. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò lọdẹ máa ń wọ̀ ní àsìkò ìbọn, kí ẹlòmíràn má baà rò pé ẹran ni. Gbérí yín kò lè wọ igbó yìí. Ìwé tí wọ́n bá fún ọdẹ ló ń sọ iye ẹran tó lè pa. Ẹran ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbí rí. Ọdún 1895 ni wọ́n dá Game Commission sílẹ̀, wọ́n sì ra àgbọ̀nrín láti ìpínlẹ̀ mìíràn wá tú sígbó. Owó orí wà lórí ìbọn ọdẹ gígùn àti kátíríìjì, 11 nínú 100; òfin ọdún 1937 ló ní kí wọ́n máa ná an lé igbó àti ẹran lórí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ẹ ṣọ́ òru mẹ́ta gbáko láìrí ẹtu kan. Ó dùn mí wọra. Ọta tí à ń rà nílé, kò sí èyí tó ń dá ohunkóhun padà fún igbó.

Mo ti fi èyí tó dára jù pamọ́ fún ìsinsìnyí. Nínú kọ̀rọ̀ àpótí náà, wọ́n fa ìbọn gígùn kan yọ nínú àpò awọ, ara mi sì bù máṣọ. Ṣakabùlà ni! Òkúta ìbọn wà ní ẹnu òòlù rẹ̀, àwo ẹ̀tù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá ìkì wà lábẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ Jámánì tó tẹ̀dó sí agbègbè Lancaster ló ń rọ irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1700. Láti 1974, ìpínlẹ̀ yìí ya àsìkò kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì fún ọdẹ olókùúta ìbọn. Ohun kan ló yà á sọ́tọ̀ sí tiyín. Tiyín dán bọ̀rọ́ nínú; tiwọn kọlà. Ilà náà yí po láti ìdí dé ẹnu, òun ló ń mú kí ọta máa pòòyì bó ti ń lọ, kó má baà yà. Bàbá òyìnbó ní nínú gbogbo ìbọn àwọn, òun nìkan ni àwọn kò lè tà.

Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ wọn, mo ti gba ìwé, nítorí náà wọ́n gbé e fún mi ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Yìnyín ń bọ́ wẹ́wẹ́. Àgbọ̀nrín kan jáde láàárín igi, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Mo dúró bí ẹ ti kọ́ mi, mo jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí. Mo fà á. Òkúta lu irin, ẹ̀tù inú àwo jó fùú, ìbọn kò ró. Omi ti wọ ihò. Ẹran náà wò mí, ó yí ìrù funfun rẹ̀ sí mi, ó lọ. Ṣùgbọ́n òórùn èéfín yẹn, Bàbá! Òórùn aṣọ yín ni, ní ìdájí tí ẹ bá wọlé, tí mo bá sáré gba àpò lọ́wọ́ yín.

Bàbá òyìnbó kò bá mi wí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tú ihò, wọ́n nù ún, wọ́n rọ ẹ̀tù mìíràn. Wọ́n ní ọ̀rá màlúù ni àwọn fi ń dí etí àwo. Wọ́n wá bi mí pé kí ni bàbá mi ń lò nígbà òjò. N kò lè dáhùn. Oorun ni mò ń sùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀yin ń jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń fi bo ẹ̀tù? Mo rántí awọ kan tí ẹ máa ń so mọ́ ibi òkúta. Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, àbí òrí ni ẹ ń fi pa á? Ẹ ní kí àbúrò mi ya àwòrán awọ náà dáadáa, tinú tẹ̀yìn, kó fi ránṣẹ́. Ẹ sì bá mi dé ojú Ògún, ẹ sọ fún un pé mo ti gbé ìbọn. Bàbá òyìnbó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí pé ṣé èsì ti dé.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Àkànní