Láti Kútọnu dé Èkó: Ààbọ̀ Wákàtí Lójú Òfurufú

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Láti pápákọ̀ òfurufú Cardinal Bernardin Gantin ní Kútọnu dé ti Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, bí ẹyẹ bá fò tààrà, nǹkan bí 106 kilòmítà ni. Ọkọ̀ òfurufú a máa lo bí ààbọ̀ wákàtí lókè. Láti Kútọnu kan náà dé Paris, ó tó nǹkan bí 4,700 kilòmítà, bí wákàtí mẹ́fà sì ni. Ọ̀nà Paris gùn ju ti Èkó lọ ní ìlọ́po ogójì ó lé, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kò ju ìlọ́po méjìlá lọ. Ìdí ni pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè, kí ó sì tún sọ̀kalẹ̀. Bí ọ̀nà bá kúrú, ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìrìn náà.

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo ṣi tèmi ṣe. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè wá ní kùtùkùtù láti Mùṣín pé ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ẹni tí ó tọ́ wa dàgbà, ti jáde láyé. Mùsùlùmí ni, lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ni wọn yóò sin ín. Àbúrò mi ní kí a gba Ìgólò lọ sí Ìdìrókò, kí a já sí Ọ̀tà. Mo kọ̀. Mo ní ààbọ̀ wákàtí péré ni ti òfurufú.

Àjàṣẹ́ wa kò ní pápákọ̀ òfurufú. Ìlà-oòrùn wa ni Èkó wà. Bí a bá fa ìlà tààrà, Ìkẹjà kò ju nǹkan bí 80 kilòmítà sí wa. Síbẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ni mo kọ́kọ́ kọrí sí, bí 30 kilòmítà, kí n tó lè wọkọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ yóò pẹ́. Ó sì pẹ́. Nígbà tí a gbéra, mo wo ọ̀sà tí àwọn baba wa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbà kọjá Àgbádárìgì lọ sí Èkó. N kò rí ẹnubodè kankan. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní ọdún 1889 kò hàn láti òkè. Kí n tó wò ó tán, a ti ń sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí mo dé Mùṣín, wọ́n ti sin ín. Wọ́n dá àbúrò mi dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà, síbẹ̀ òun ni ó bá wọn bu erùpẹ̀ sí sàréè. Kò bá mi wí. Omi ni ó bù fún mi.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 di oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, kilòmítà kan kò lé sí ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n Èkó jìnnà sí wa. Nítorí náà, bí mo bá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìṣirò ìrìn nísinsìnyí, mo máa ń ní kí wọ́n ka ìdúró mọ́ ọn. Èmi náà kì í dúró de ìròyìn ikú mọ́ kí n tó lọ. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti gba ìsinmi, mo ti gba ọ̀nà Ìgólò lọ kí àwọn tí ó ṣẹ́kù ní Mùṣín, nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.