Irú Rọ́bà Wo Ni?

Kánò ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà; ẹ máa fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yàtọ̀ lẹ́nu ìyá mi àti lẹ́nu àwọn Hausa aládùúgbò wa: rọ́bà. Korobá, búútà, àga, òòyà, rọ́bà ni gbogbo wọn.

Oṣù mẹ́fà tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Sharada ni ó là mí lójú. Ẹ̀rọ ibẹ̀ a máa yọ́ rọ́bà wẹ́wẹ́ tó dà bí ìrẹsì, a sì fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù irin. Bí ó bá tutù, ó di ife tàbí ìdérí. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Polystyrene ń dán, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí òòyà tí a fi ṣe já bọ́ sórí simẹ́ǹtì, eyín rẹ̀ a kán. Polypropylene kì í yọ́ títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 160°C, a sì lè ṣẹ́ ẹ po nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ó má kán. Òun ni a fi ń ṣe ìdérí tí kì í já kúrò lára ìgò. Nylon dára fún jíà ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Bí a kò bá kọ́kọ́ sá a gbẹ, ohun tí a fi ṣe kò ní lágbára.

Ti oòrùn ló dùn mí jù. Polypropylene tí a kò fi oògùn oòrùn sí a máa ṣá, a sì máa sán. Oòrùn Kánò kì í sì í ṣeré! Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sabon Gari, irú àga bẹ́ẹ̀ kán mọ́ ìyá àgbà kan nídìí, ó sì fi ìbàdí pa. Àwọn ènìyàn ní ìyá ló sanra jù. Mo fọwọ́ pa ẹsẹ̀ àga náà, ó ya funfun sí mi lọ́wọ́ bí ẹfun. Inú bí mi, nítorí mo ti rí bí wọ́n ṣe ń yọ oògùn yẹn sílẹ̀ kí owó má baà pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá ní ẹ̀ka èdè, iṣẹ́ dé o. Ẹ bá wa wá orúkọ fún wọn, kí ẹni tó ń ra àga lè mọ èyí tí yóò béèrè. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ dojú korobá yín délẹ̀ kí ẹ wo ìdí rẹ̀: bí 5 bá wà nínú àmì onígun mẹ́ta, polypropylene ni, 6 ni ti polystyrene.