Orúkọ Lẹ́nu Ọ̀nà

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí wọ́n bá pa ẹni tí ó yẹ kí ó rántí ńkọ́? Bí wọ́n bá pa ìyàwó, ọmọ àti àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn, ta ni yóò kù láti sọ pé ohun kan ṣẹlẹ̀? Ohun tí ìjọba Násì ní Jámánì gbìyànjú láti ṣe sí àwọn Júù Yúróòpù nìyẹn. Kí ogun tó parí ní ọdún 1945, wọ́n ti pa nǹkan bí mílíọ̀nù 6 nínú wọn.

Mo ti rìn ní àdúgbò kan ní Berlin, mo sì ti rí àwọn òkúta kéékèèké tí a fi idẹ bo lójú, tí a rì mọ́ ilẹ̀ níwájú ilé àwọn ènìyàn. Gunter Demnig, oníṣẹ́ ọnà ará Jámánì, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Köln ní ọdún 1992. Òkúta ìkọsẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ohun tí a kọ sí i kò sì gùn: níhìn-ín ni lágbájá gbé, ọdún tí a bí i, ìgbà tí wọ́n mú un lọ, ibi tí wọ́n pa á sí. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, òkúta wọ̀nyí ti lé ní 100,000 káàkiri Yúróòpù. Àwọn Júù ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a kọ orúkọ wọn.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ orúkọ? Àwa tí a máa ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ní ọdún 1933, àwọn Júù tí ó wà ní Jámánì kò ju nǹkan bí 500,000 lọ, wọn kò tó ẹnì kan nínú 100 ará ìlú. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1935, òfin gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ wọn. Láti oṣù kìíní ọdún 1939, Júù tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lára èyí tí ìjọba là kalẹ̀ fún wọn gbọ́dọ̀ fi Israel kún un bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí Sara bí ó bá jẹ́ obìnrin. Nígbà tí ó yá, ní Auschwitz, nọ́ńbà ni wọ́n ń fín sí ọ̀pọ̀ wọn lápá. Ọwọ́ ti kan orúkọ kí ó tó kan ẹ̀mí.

Iṣẹ́ tí ó wà nídìí òkúta náà wù mí ju òkúta fúnra rẹ̀ lọ. Ará àdúgbò tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ni í sábà wádìí ẹni tí ó gbé ilé kan rí. Wọn a tú ìwé àtijọ́ wò, wọn a wá ẹbí olóògbé kàn lókè òkun, wọn a sì pè wọ́n wá síbi tí a ti ń ri òkúta náà. Lọ́jọ́ 9 oṣù kọkànlá, tí í ṣe ìrántí òru tí wọ́n jó àwọn sínágọ́gù ní ọdún 1938, àwọn ènìyàn a máa kúnlẹ̀ láti nu idẹ náà, wọn a sì tan àbẹ́là tì í. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ní aládùúgbò tí kò mọ̀ rí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fara mọ́ ọn. Charlotte Knobloch, aṣíwájú àwọn Júù München, tí wọ́n fi pa mọ́ ní abúlé nígbà tí ó wà lọ́mọdé kí wọ́n má baà pa á, sọ pé kò yẹ kí a máa fi ẹsẹ̀ tẹ orúkọ òkú. Ìlú München gbọ́ tirẹ̀. Ara ògiri àti òpó ni wọ́n ń fi orúkọ sí níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí a óò gbà bu ọlá fún òkú ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, ìrántí kọ́.

Síbẹ̀, òkúta nìkan kò lè dá ìkórìíra dúró. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2019, lọ́jọ́ àwẹ̀ ńlá àwọn Júù, ọkùnrin kan gbé ìbọn lọ sí sínágọ́gù ìlú Halle. Ìlẹ̀kùn kò jẹ́ kí ó wọlé, ó sì pa ènìyàn méjì nítòsí ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò. Inú Bíbélì nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ Júù. Mo ti jókòó nínú ìsìn Ọjọ́ Ẹtì Rere tí oníwàásù ń pariwo pé àwọn Júù ni ó pa Jésù, bí ẹni pé Jésù, ìyá rẹ̀ àti àwọn àpọ́sítélì kì í ṣe Júù. Láti ọdún 1965 ni Ìjọ Kátólíìkì ti kéde ní Vatican pé a kò lè ka ikú rẹ̀ sí gbogbo Júù ìgbà náà lọ́rùn, áńbọ̀sìbọ́sí àwọn ti òde òní.

Bí mo bá ní láti kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìsinmi wa ní nǹkan yìí, n kò ní fi mílíọ̀nù 6 bẹ̀rẹ̀. Regina Jonas ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí i ní Berlin ní ọdún 1902. Ní ọdún 1935, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a fi jẹ rábì. Wọ́n kó o lọ sí Theresienstadt ní ọdún 1942, kò sì ṣíwọ́ ìwàásù níbẹ̀. Ní ọdún 1944 ni wọ́n pa á ní Auschwitz. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún kí a tó tún rí àwọn ìwé rẹ̀ ní Berlin, kí orúkọ rẹ̀ sì tó padà sẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọmọ tí ó bá mọ orúkọ yìí, bí ẹnìkan bá sọ níwájú rẹ̀ pé báyìí ni àwọn Júù rí, yóò béèrè pé, “Èwo nínú wọn?”