Ọ̀wẹ̀ Ni Tàbí Àáró? Ohun Tí Ó Lè Mú Kí Àkọsílẹ̀ Ìlera Inú Kọ̀ǹpútà Tọ́jọ́

Ọ̀kan lára àwọn orí-ọ̀rọ̀ tí a máa ń kọ́ lábẹ́ àṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ètò ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́ láyé àtijọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa ka àáró, ọ̀wẹ̀, àjọ àti èésú bí ẹni ń ka oríkì, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀wẹ̀ àti àáró hàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ta kókó. Ẹni tí iṣẹ́ bá wọ̀ lọ́rùn ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀. Yóò ké sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna, yóò pèsè oúnjẹ àti ẹmu, wọn yóò sì bá a ṣe iṣẹ́ náà. Bí oòrùn bá wọ̀, oníkálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí ọjọ́ orí àti agbára wọn bára mu ni wọ́n ń kó ara wọn jọ: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí a bá roko fún, tí ó sì kọ̀ láti ro ti ẹlòmíràn, ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àáró.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mú ìyàtọ̀ yìí lọ́wọ́, kí a fi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí ó dà bí ẹni pé kò bá àṣà tan rárá. Ọ̀rọ̀ náà ni sọ́fítíwíà tí ilé ìwòsàn fi ń pa àkọsílẹ̀ aláìsàn mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, àgàgà irú èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, láti lò àti láti tún ṣe. Ìbéèrè mi ni pé: kí ni ó ń mú kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa dàgbà sí i lẹ́yìn tí ìlù ìfilọ́lẹ̀ bá ti dákẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní agbègbè wa. Ní ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá káàdì wá fáìlì rẹ̀ títí, wọn kò rí i. Wọ́n ya káàdì tuntun fún un pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìwé funfun báláú ni ó wà níwájú rẹ̀. Ó bi ìyá mi léèrè oògùn tí ó ń lò. Màmá dáhùn pé, "Èyí funfun kékeré yẹn ni, ọmọ mi, àti èyí tí ó pupa díẹ̀." Dókítà náà mí kanlẹ̀. Oògùn funfun kékeré mélòó ni ó wà láyé? Ọdún mẹ́fà ni a ti ń kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ Màmá sínú fáìlì tí ó sọnù yẹn; oògùn tí ó bá a lára mu àti èyí tí ó mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ni a kọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò ní ọmọ tí ó mọ̀wé nítòsí ńkọ́?

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe fáàrí. Kóòdù ni àwọn ìlànà tí a kọ kalẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí a ń tà lọ́jà, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é a máa fi kóòdù rẹ̀ pamọ́ bí adáhunṣe ṣe ń fi èlò àgbo rẹ̀ pamọ́. Ẹ lè ra àgbo náà, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ewé tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì lè fi nǹkan kún un. Nínú èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, èlò náà wà ní ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè yọ ewé kan, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn yòókù ohun tí ó rí.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àpòmù kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni a sì ti rí ọ̀kan nínú àwọn àpẹẹrẹ tí ó ti pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1989, ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland láti ṣe sọ́fítíwíà àkọsílẹ̀ ìlera. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abimbola Soriyan wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ náà ró ní Ifẹ̀; Mikko Korpela wà lára àwọn ará Finland. Ẹ rántí pé ọdún 2001 ni GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Ọdún méjìlá kí a tó máa gbé fóònù káàkiri ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń ronú bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe rántí aláìsàn.

Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ti ṣe sọ́fítíwíà fún àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí VistA. Nítorí pé ìjọba ni ó ṣe é, ó di ohun ìní gbogbogbòò. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn ará Ifẹ̀ kọ́ tiwọn lé, wọ́n sì tún un ṣe kí ó bá ilé ìwòsàn tiwa mu: bí aláìsàn ṣe wọlé, wọ́ọ̀dù tí ó sùn sí, àìsàn tí a rí, ọjọ́ tí a dá a sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ọ́ ní MINPHIS, orúkọ tí ó sọ gbangba pé ní Nàìjíríà ni a ti ṣe é, fún ìlera alábọ́dé àti fún ilé ìwòsàn ńlá. Ó sì dé àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn mìíràn lẹ́yìn Ifẹ̀.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹni tí ń kọ kóòdù àti ẹni tí ń lò ó ń gbé ìlú kan náà. Bí nọ́ọ̀sì bá rí i pé ibì kan kò ṣiṣẹ́, ó mọ ẹni tí òun lè lọ bá. Ọgbọ́n tuntun nínú irú iṣẹ́ yìí kì í sábà já bọ́ láti ọ̀run. Láti inú ẹ̀sùn kéékèèké ni ó ti ń wá: "Ibi tí a ń kọ ọjọ́ orí sí kò gba ti ọmọ ọjọ́ mẹ́ta." "Iná lọ nígbà tí mo ń kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ sì pòórá." Níbi tí a bá ti ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ tí a sì ń ṣe nǹkan sí i, sọ́fítíwíà náà yóò máa dàgbà. Níbi tí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ti lọ tí kò sí ẹni tí ó gba ipò rẹ̀, ó di ilé àwókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá. Ní ọdún 2004, Paul Biondich àti Burke Mamlin, àwọn dókítà láti Regenstrief Institute ní Indianapolis, lọ sí Eldoret ní orílẹ̀-èdè Kenya, níbi tí ètò AMPATH ti ń tọ́jú àwọn tí ó ní kòkòrò HIV. Àwọn aláìsàn ń pọ̀ ju ohun tí àkọsílẹ̀ ibẹ̀ lè gbà lọ. Àwọn méjèèjì àti Hamish Fraser ti Partners In Health ni wọ́n jọ dá OpenMRS sílẹ̀. Ní ọdún 2006, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Eldoret, ó sì dé Rwanda ní ọdún kan náà.

Ọgbọ́n méjì ni wọ́n dá tí ó jẹ́ kí ó lè máa gba ohun tuntun. Èkíní, wọ́n ṣe ìwé atúmọ̀ kan sínú rẹ̀, tí gbogbo ohun tí dókítà lè béèrè tàbí kọ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí àrùn tuntun bá yọjú, a kò ní láti wó ilé kí a tún un kọ́. A kàn fi ọ̀rọ̀ tuntun kún ìwé atúmọ̀ ni. Èkejì, wọ́n ṣe é bí agbo ilé: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni gbogbo ènìyàn jọ ní, ẹnikẹ́ni sì lè kọ́ yàrá tirẹ̀ mọ́ ọn láìba ti aládùúgbò jẹ́.

Nàìjíríà pẹ̀lú wọ inú agbo ilé náà. Sọ́fítíwíà NMRS, tí a kọ́ lé orí OpenMRS, di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú HIV ní ilẹ̀ yìí ń lò. Ọ̀pọ̀ nínú owó iṣẹ́ náà sì wá láti inú PEPFAR, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ tí ó dá ìrànlọ́wọ́ ìdàgbàsókè fún ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà, àjọ USAID ti kógbá sílé.

Ibí ni ìyàtọ̀ ọ̀wẹ̀ àti àáró ti wúlò fún wa. Kò sí lẹ́tà kan nínú kóòdù OpenMRS tí ó parẹ́ nítorí àṣẹ yẹn. Ẹnikẹ́ni ṣì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kóòdù kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí yóò gbọ́ ẹ̀sùn nọ́ọ̀sì, tí yóò dí ihò tí olè lè gbà wọlé, tí yóò kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun, ó fẹ́ jẹun, ó sì fẹ́ san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Ọ̀wẹ̀ ni owó àwọn ará òkèèrè. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó gbà là. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ní ọdọọdún láti ro oko kan náà, ìgbẹ́ ni oko rẹ̀ yóò dà ní ọdún tí àwọn ọlọ́wẹ̀ kò bá wá.

Àléébù mìíràn wà. Bí a bá gba kóòdù gbogbogbòò, tí a tún un ṣe fún ara wa, tí a kò sì dá àtúnṣe náà padà sí àárín, ẹ̀dà tiwa yóò máa jìnnà sí ti àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú, a kò ní lè bá wọn lọ mọ́, nítorí pé ohun tí a so mọ́ tiwa kò ní bá tiwọn mu. Ẹni tí ó jẹ àáró tí kò san án nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé àáró wà fún àwọn ẹgbẹ́, àti pé ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Àpòmù kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ní Indianapolis. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kí a kọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ wa nítòsí: Ifẹ̀, Ìbàdàn, Ìlọrin, Òṣogbo. Bí ilé ìwòsàn mẹ́wàá bá dá owó jọ láti san owó oṣù àwọn akọ-kóòdù mẹ́ta, tí àtúnṣe tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sì di ti gbogbo wọn, a ti ní àáró. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa ni Ìṣọ̀kan, Àpòmù sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ó yẹ kí orúkọ náà rò wá.

Ìtàn ìlú yìí tilẹ̀ kọ́ wa pé ohun tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nílò olùtọ́jú. Ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, sọ bí wọ́n ṣe ń jí àwọn oníṣòwò gbé níbẹ̀, àti bí àríyànjiyàn lórí títà atare ṣe wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀. Ọjà náà kò ṣe aláìní èrò. Ẹni tí gbogbo wọn gbà kí ó pa òfin ọjà mọ́ ni wọn kò ní.

Kí wá ni tiwa, àwa olùkọ́ Yorùbá, nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó pọ̀. Ẹ wo orúkọ kan ṣoṣo: Fọláṣadé, Folasade, Folashade. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn mẹ́ta lè ni wọ́n, obìnrin kan yóò sì ní fáìlì mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe ní káàdì méjì. Lẹ́tà ẹ́, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò Unicode. Ńṣe ni a ń to ègé pọ̀ láti rí i, ẹni méjì sì lè tò ó ní ọ̀nà méjì tí ojú kò ní mọ̀ yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà yóò mọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè má rántí láti tún èyí ṣe.

Ẹ wo orúkọ àìsàn pẹ̀lú. Ibà tí màmá arúgbó ń pè lè jẹ́ ti ẹ̀fọn, ó sì lè jẹ́ ara gbígbóná lásán. Jẹ̀díjẹ̀dí tí bàbá kan ń sọ lè ju àìsàn kan lọ nínú ìwé dókítà. Ìwé atúmọ̀ inú sọ́fítíwíà nílò ẹni tí yóò ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè mọ ìbéèrè tí ó kàn. Ìpín tiwa nínú àáró nìyẹn, kò sì gba owó òkèèrè. Ní sáà tí ń bọ̀, mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 mi bá àwọn ìyá àti bàbá wọn àgbà sọ̀rọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó orúkọ àìsàn márùn-ún wá, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé àti bí ó ṣe ń ṣe aláìsàn. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa yóò tò wọ́n jọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ìlú mìíràn, bí ẹ bá ṣe tiyín, a ó jọ pààrọ̀ wọn.