Òkè Bàbá: Ọjọ́ tí mo fò ní Ölüdeniz

Tí ẹ bá jókòó sí etíkun Ölüdeniz, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Tọ́kì, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbójú sókè. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn aṣọ ńláńlá, pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọsàn, máa ń yí po lójú sánmà bí àṣá tó ń ṣọ́ òròmọdìẹ. Èèyàn méjì-méjì ló sábà máa ń so rọ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Paragliding nìyẹn. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí òkìkí eré yìí ti kàn jù láyé, àwa ará Ìlú Ọba tó sì ń lọ lo ìsinmi níbẹ̀ kò níye.

Orí òkè Babadağ ni wọ́n ti ń gbéra. Ní èdè Tọ́kì, dağ ni òkè. Baba sì ni bàbá, gẹ́gẹ́ bíi tiwa gan-an. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, òkè yín nìyẹn." Òkè náà ga tó mítà 1,969, ó sì súnmọ́ òkun débi pé bí ẹ bá dúró lórí rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé omi wà lábẹ́ bàtà yín. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún eré yìí: èèyàn á gbéra nínú òtútù lókè, á sì balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Mi ò fẹ́ràn ibi gíga. Àkàbà lásán, mo máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi débẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń mú ọmọ mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Á di etí ògiri omi náà mú, kò ní jù ú sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín ni?" Mo ní ó máa ń bà mí. Ó ní, "Kí lẹ wá máa ń ṣe?" Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sí Tọ́kì.

Nígbà tí màmá mi gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹyẹ ni ọ́ ni?" Wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n wá ní kí n pe àwọn ní kété tí ẹsẹ̀ mi bá ti kanlẹ̀.

Láti 2021 ni ọkọ̀ orí okùn wáyà ti ń gbé èèyàn gun òkè náà. Ibi ìgbéra wà ní mítà 1,200, 1,700, 1,800 àti 1,900. Láti 1,700 ni èmi ti gbéra. Wọ́n dé akoto fún mi, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ mi ní itan àti ní àyà, wọ́n sì so mí mọ́ iwájú awakọ̀ mi, ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìlànà kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́: kí n má fò o, kí n sáré. Kí n máa sáré lọ títí ilẹ̀ á fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹni tó bá fò, tàbí tó bá yára jókòó, ló ń ba ìgbéra jẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín sínú. "Fò" kan náà la ń lò fún ọ̀pọ̀lọ́ àti fún ẹyẹ. Wọ́n ní kí n má fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kí n baà lè fò bí ẹyẹ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ mọ ohun tó máa gbé mi dúró. Aṣọ ìpele méjì ni ìyẹ́ náà. Àpò-àpò ló wà láàárín wọn, ẹnu àwọn àpò yìí sì ṣí síwájú. Bí afẹ́fẹ́ bá wọnú wọn, aṣọ á wú, á le, á rí bí apá ẹyẹ. Kí ẹsẹ̀ èèyàn tó kúrò nílẹ̀, ìyẹ́ ti wà lókè orí, ó ti ń fà á sókè. Kì í ṣe jíjábọ́ rárá. Síbẹ̀, páráṣúùtù mìíràn wà nípamọ́, bí nǹkan bá yíwọ́.

A sáré. Ní ìṣísẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, afẹ́fẹ́ ni mò ń tẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Mo di bẹ́líìtì mú bí ọmọ mi ṣe ń di ògiri mú. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì kankan. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń kọjá létí, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ké pín-ín-pín-ín nígbàkigbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá gbé wa sókè. Nísàlẹ̀, mo rí ọ̀sà tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ: ölü ni òkú, deniz ni òkun, torí pé omi rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ń yí láti aró sí ewé, ahọ́n iyanrìn kan sì là á kúrò lára òkun. Ẹ̀rù náà kò lọ o. Ó jókòó tì mí, àwa méjèèjì jọ ń wòran.

Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, a balẹ̀ lẹ́bàá etíkun. Mo pe màmá mi.

"Ṣé o ti balẹ̀?"

"Mo ti balẹ̀, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkàn tèmi náà ti balẹ̀."

Àgbà ni mo dà kí n tó fi ìwé àti fóònù kọ́ Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé "ọkàn mi balẹ̀", àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ yékéyéké. Bàlúù ń balẹ̀, ẹyẹ ń balẹ̀, ọkàn náà ń balẹ̀. Ohun tó máa balẹ̀ ti ní láti wà lókè ná. A kì í fi ipá fa ẹyẹ wálẹ̀. Yóò yí po, yóò wá ibi tó tẹ́jú, yóò sì bà.

Ọmọ mi sáré wá bá mi. "Dádì, ṣé ẹ̀rù bà yín?" Ó bà mí gan-an. "Kí lẹ wá ṣe?" Mo ní mo sáré, mo mí, mo wòran, mo sì dúró kí ọkàn mi balẹ̀.

Ó ṣì ń di ògiri mú ní Sátidé. Àmọ́ ní báyìí, ó máa ń sọ fún mi pé, "Dádì, ọkàn mi ò tíì balẹ̀." Èmi á ní, "Kò burú. A ó dúró dè é." Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé adójútòfò ìrìn-àjò yín wò, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka paragliding mọ́ ohun tí wọ́n ń sanwó lé àyàfi tí ẹ bá fi owó kún un. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ awakọ̀, kí ẹ sì béèrè páráṣúùtù ìpamọ́. Ẹ wọ bàtà tó ṣeé sáré, ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, bí oòrùn etíkun tiẹ̀ ń jó yín. Tí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ ò dára, ẹ má bẹ̀ wọ́n, ọ̀la wà. Tí ẹ bá sì ti dé ilẹ̀, ẹ tètè pe ìyá yín, kí ọkàn tiwọn náà lè balẹ̀.