Odídẹrẹ́ Tí A Mú Bọ̀ Wálé

Òwe kan wà tí gbogbo ọmọ Ìwó mọ̀, tí a sì máa ń fi ṣe àdúrà fún ẹni tí ó bá ń lọ sí ìrìn àjò: odídẹrẹ́ Ìwó kì í kú sí oko ìwájẹ. Bí ó ti wù kí ẹyẹ náà rìn jìnnà tó nígbà tí ó ń wá oúnjẹ, ilé ni yóò padà sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí súre fún àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ohùn ìyá mi ni yóò di odídẹrẹ́ tèmi.

Ní ọdún 2016, mo jókòó ti ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù bí ó ti ń ki oríkì agbo ilé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó dágbére fún ayé. Nínú gbogbo wa tí ó fi sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ oríkì náà tó o. Nítorí náà ni mo ṣe kó ohùn náà fún ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun pé kí wọ́n bá mi fi pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí fóònù náà bàjẹ́, kò dùn mí púpọ̀, nítorí mo gbà pé ẹrù mi wà ní ibi ààbò.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Mááṣì, ọdún 2024, tí a wà nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, gbogbo ẹbí péjọ sí ilé mi fún ìṣínu. Àwọn ọmọdé ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn ìyá àgbà tí wọn kò mọ̀. Mo tẹ fóònù títí ó fi sú mi; òbìrìkìtì kékeré kan ni ó kàn ń yí lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé mẹ́rin nínú àwọn wáyà ńlá tí ó gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti já lẹ́bàá Abidjan ní ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ lọ sùn láìgbọ́ ohunkóhun.

Ní ọjọ́ kejì, mo ro ẹjọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní ìwé nígbà kan rí, tí ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Bowen tí ó wà ní ìlú wa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Tíṣà, ohun tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà yẹn, kò sí ní ojú ọ̀run o. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè ní tiyín nínú ilé yín.”

Mo bi í pé èló ni n ó san. Ó ní owó irin àti owó iná ni, nítorí ọ̀fẹ́ ni Linux, ètò tí yóò máa darí rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ní ọdún 1991, Linus Torvalds, tí í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà, tí ó sì ṣí i sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń fi ọwọ́ kún un. Mo ké pé, “Àáró nìyẹn!” Bí àwọn baba wa ti ń bá ara wọn kọ ebè, lónìí ní oko tèmi, lọ́la ní oko tìrẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe.

A ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan kí ó jẹ́ server, èyí tí yóò máa ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn yòókù. A fi Ubuntu, tí í ṣe ẹ̀yà Linux kan, sí inú rẹ̀. Lórí èyí ni a gbé Nextcloud lé, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 2016, kí fóònù gbogbo ilé lè máa kó ẹrù wọn sí ibì kan. A so ó mọ́ bátìrì tí oòrùn ń fún ní agbára, nítorí iná kì í dúró. Bí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ lọ, àwọn fóònù inú ilé ṣì lè bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, mo mú ohùn ìyá mi wálé, mo sì fi ìgbéraga pa èyí tí ó wà ní òkè òkun rẹ́.

Dísìkì méjì ni ó wà nínú server náà. Ohun tí a bá kọ sí ọ̀kan, èkejì yóò kọ ọ́ pẹ̀lú, kí ó má bàa sọnù bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Mo rò pé èyí tó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra dísìkì kan sí i, kí ẹ máa kó ẹ̀dà sí i ní oṣooṣù, kí ẹ sì fi í sí ìlú mìíràn.” Mo kùn nítorí owó, ṣùgbọ́n mo rà á, mo sì gbé e fún àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn.

Ní òru ọjọ́ kan, mo fẹ́ pa àwọn ohun tí kò wúlò mọ́ rẹ́. Oorun ń kùn mí, mo sì kọ àṣẹ ìparẹ́ sí ibi tí kò yẹ. Linux kò bi mí bóyá ó dá mi lójú; mo pàṣẹ, ó sì ṣe é. Ohùn ìyá mi parẹ́ nínú dísìkì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Dígí ni wọ́n jẹ́ fún ara wọn. Bí mo bá sì fi èédú kun ojú mi, ojú inú dígí kò ní ṣàì dúdú. N kò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo gba ọ̀nà Lálúpọn lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí àbúrò mi so dísìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ìyá wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwa méjèèjì sunkún.

Láti ìgbà náà, n kò dá ilé iṣẹ́ òkè òkun lẹ́bi mọ́ bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wáyà abẹ́ òkun ni ó dí mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aláìní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó dára kí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba kọ́kọ́rọ́ ti gba iṣẹ́ ọdẹ pẹ̀lú. Odídẹrẹ́ a máa padà wálé ní tòótọ́. Ẹni tí ó wà nílé ni yóò máa ṣọ́ ọ.