Ẹ Jẹ́ Kó Tutù Ná

Bí ẹ bá rí ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún mi, ẹ óò rí àpá kan tó fẹ̀ bí ewé. Iná ilé ìdáná kọ́ ló ṣe é. Omi inú rédíétọ̀ ọkọ̀ ni, súìṣì kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló sì fà á.

Ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2009 ni. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ-ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà la jọ ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ wa. Bí a ṣe ń sáré bọ̀, géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó kò kúrò ní àárín. Ìgbà tí a sún mọ́ Berger, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró, ni abẹ́rẹ́ géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo pa ọkọ̀, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kó tutù ná." Mo ní kí ni òun mọ̀ nípa ọkọ̀? Mo fi aṣọ ìnuwọ́ bo ìdérí rédíétọ̀, mo sì yí i. Mi ò tíì yí i tán tí omi fi tú jáde pẹ̀lú ariwo, tó sì bó mi láti ẹ̀yìn ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní ni pé ọmọ yẹn ti sọ̀kalẹ̀, ó ń bọ̀ wá wo ohun tí bàbá àgbà ń ṣe. Ìṣísẹ̀ méjì ló kù kó dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú rẹ̀ ni omi yẹn ìbá bó.

Kí ló dé tó fi tú bẹ́ẹ̀? Nínú ìkòkò ọbẹ̀, omi a máa hó tí ooru rẹ̀ bá dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ ń tẹ omi inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi náà á sì gbóná kọjá 100 láì hó. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá tú ìdérí, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò jáde. Kò sí aṣọ ìnuwọ́ tó lè dá a dúró.

Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ṣàánú mi. Ẹnì kan gbé epo pupa wá, ẹlòmíì ní kí wọ́n wá ẹyin. Epo pupa ni wọ́n fi pa á. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì mi orí, ó ní ìyà méjì ni mo jẹ: omi gbígbóná bó mi, epo sì tún há ooru náà mọ́ mi lára. Ohun tó kọ́ mi nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn. Bí omi gbígbóná bá bó èèyàn, ẹ tètè yọ òrùka, aago àti aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ da omi tútù tó mọ́ sí i, kí ó máa ṣàn lórí rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Omi inú ike àti pìọ́wọ́tà tó wà nínú ọkọ̀ ló yẹ kí n lò. Kì í ṣe yìnyín. Kì í ṣe epo, ẹyin, omi ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín. Tí ó bá lé roro, ẹ má ṣe bẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó. Tí ó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó bó lọ, tàbí tó jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí abẹ́, tàbí tó jẹ́ ọmọdé, arúgbó tàbí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ má ṣe dúró nílé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọwọ́ mi jinná, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò gbádùn. Mẹkáníìkì pààrọ̀ ìdérí, ó fọ rédíétọ̀, ó yọ tẹ́mósítáàtì. Owó ń lọ, ọkọ̀ ṣì ń gbóná. Ìgbà tó yá ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe iṣẹ́ riwáyà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tẹ́ ẹ bá ń sáré ló ń gbóná ni, àbí tẹ́ ẹ bá dúró?" Mo ní tí mo bá dúró ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo fáànù yín."

Ó là mí lóye. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tu rédíétọ̀ lára. Tó bá dúró, àfi kí fáànù fẹ́ ẹ. Súìṣì kan wà lára rédíétọ̀ tó ń tan fáànù náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí omi bá gbóná dé nǹkan bíi 95, súìṣì á so iná pọ̀, fáànù á yí. Tí omi bá tutù díẹ̀, á já iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alùpùpù ńláńlá tó ń lo rédíétọ̀. Ọ̀kadà tí atẹ́gùn lásán ń tù lára kò ní in rárá.

Ó wá yọ wáyà kúrò lórí súìṣì náà, ó tan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sì fi wáyà kékeré kan so ẹnu méjèèjì pọ̀. Fáànù yí fìrìrì! Ó ní, "Ẹ rí i? Fáànù dáa, fíúsì dáa, rílè dáa. Súìṣì ló kú." Ká ní fáànù kò yí ni, á wo fíúsì, á wo rílè, lẹ́yìn náà á so fáànù mọ́ bátìrì tààrà. Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ó tú súìṣì náà, ó rì í bọ inú omi tó ń hó, ó fi mítà wò ó. Iná kò kọjá. Èyí tuntun tó rà, ó rì í bọ̀ ọ́, iná kọjá. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ má ṣe dán ìsopọ̀ wáyà yìí wò lára ọkọ̀ ìgbàlódé tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń darí fáànù rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan á sì ní káwọn so fáànù tààrà kó máa yí láti àárọ̀ dalẹ́. Ó lè gbé yín délé, ṣùgbọ́n fáànù á tètè gbó, ẹ́ńjìnì sì lè má tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, èyí sì lè mú kó máa jẹ epo. Súìṣì tuntun ni ojúlówó àtúnṣe.

Tí géèjì bá gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ pa éèsì, kí ẹ tan híítà sí gbígbóná pátápátá. Ooru á mú yín, ṣùgbọ́n á fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì títí ẹ ó fi ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ pa ọkọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà sí ojú ọ̀nà àti sí bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibi fáànù, nítorí ó lè dédé yí lẹ́yìn tí ẹ ti pa ọkọ̀. Ẹ má da omi tútù sórí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ó lè sán. Ẹ dúró ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, títí rédíétọ̀ yóò fi tutù, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí.

Ó ku ẹyọ kan. Kúláǹtì tí à ń dà sínú rédíétọ̀ a máa dùn lẹ́nu, májèlé sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ má sì dá ìkòkò tí ẹ fi yẹ súìṣì wò padà sílé ìdáná.

Ọmọ-ọmọ wa ti dàgbà, ó ti ń wakọ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó ní òun fẹ́ kọ́ ọkọ̀, àpá ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ fi hàn án. Ìyá rẹ̀ àgbà wà níbẹ̀. Kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Bó bá gbóná, jẹ́ kó tutù ná." Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín.